Àsọyé Lórí Bí Ó Ti Yẹ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Asáré Máa Na Ara Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọbìnrin tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré náà. Nígbà tí irú ìròyìn báyìí bá dé ilé, gbogbo ọmọ ni í fẹ́ sáré, àwa àgbà a sì fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kò yọ ara wa sílẹ̀. Nígbà kan rí, kí àwọn ọmọ tó sá eré ìje, a ó ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀, a ó sì máa tì wọ́n lẹ́yìn títí orí wọn yóò fi kan orúnkún. Bí ọmọ bá ké, a ó ní kí ó mú ara le. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan dìde lábẹ́ ọwọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ eré, kò sì tíì lọ jìnnà tí ó fi di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú, tí ó ṣubú. Kò sáré mọ́ ní gbogbo ọdún náà. A kò lè búra pé ọwọ́ wa ni ó fà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí.

Ohun èkíní tí a rí ni pé nína ara nìkan kò lè sọ ọmọ di ẹni tí ń yára. Agbára tí ẹsẹ̀ fi ń ti ilẹ̀, àti eré líle tí ìsinmi tí ó tó tẹ̀lé, ni ó ń mú ìyára wá. Sísáré léraléra, tí a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ni ó ń mú ìfaradà wá. Iṣẹ́ ti nína ara ni láti fún oríkèé ní àyè, kí itan lè gbé sókè láìsí ìdènà. Ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá.

Èkejì, ọ̀nà méjì ni a ń gbà na ara, olúkúlùkù ni ó sì ní àkókò tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí a bá na iṣan kan tí a sì dì í mú bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ kí a tó sáré, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ a máa dínkù fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ́kọ́ sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà kí ó di ògiri mú, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn nígbà 10. Kí ó rìn pẹ̀lú orúnkún gíga. Kí ó sì sáré kúkúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èyí tí ó kẹ́yìn yá ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni kí ó na ara tí ó sì dúró jẹ́ẹ́: ẹ̀yìn itan, iwájú itan, ìbàdí, àti iṣan ẹ̀yìn ojúgun, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà méjì. Kí ó máa mí dáradára, kí ó má sì ṣe ta ara rẹ̀ sókè sódò. Kí ó mọ̀ pé iṣan ń fà, ṣùgbọ́n kí ó má dun ún.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Nígbà tí ọmọ bá ń dàgbà kíákíá, egungun a máa gùn ṣáájú iṣan, ara ọmọ tí ó rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè le. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí iṣan ẹ̀yìn itan ti so mọ́ egungun ìdí kò tíì gbó. Bí a bá fi ipá fà á, iṣan náà lè já díẹ̀ nínú egungun. Ọmọ tí ibẹ̀ bá ta lójijì, tí ó sì ń tiro, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Kí a má ṣe fi ọwọ́ ra á.

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín bí ẹ ti ń padà sílé: ẹ jẹ́ kí a mú ọwọ́ wa kúrò lẹ́yìn àwọn ọmọ, kí olúkúlùkù wọn na ara rẹ̀ dé ibi tí ara tirẹ̀ gbà. Ọmọ tí ó sáré lónìí ní ìwọ̀nba, tí ara rẹ̀ sì dá, yóò tún sáré lọ́la.