Àwọn Tí Kò Mu Ún Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa l'ọ́kùnrin àti l'óbìnrin tí ẹ péjọ ní Ìjọra lónìí, ìbéèrè kan ni mo gbé wá: bí ẹni ńlá bá sọ ọ̀rọ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?

Kò jìnnà síbí, ní Yábà, ni a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. L'ọ́dún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán àwọn olùwádìí wá síbẹ̀ nítorí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Hideyo Noguchi, ọmọ Jàpáànù tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, ti kéde ní 1919 pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Àwọn ará Yábà kò bú u. Wọn kò sì gbà á lásán. Wọ́n wá kòkòrò náà lára àwọn aláìsàn, wọn kò rí i. Àwọn onímọ̀ Hádíìsì wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá tilẹ̀ jẹ́ olùfọkànsìn, wọn a yẹ ìrántí rẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, aláìsàn kan ní Kpeve ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì fi gún ọ̀bọ kan, irú ti ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Ẹ̀fọn tí ó jẹ ọ̀bọ tí ń ṣàìsàn tún kó àrùn náà ran òmíràn.

Èyí tí ó wù mí jù ni pé wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn náà ti ṣe tí ó sì ti yè gún àwọn ọ̀bọ kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá kó àrùn ran gbogbo wọn. Àwọn tí a gún yè é; àrùn mú àwọn tí a kò gún. Bí kò bá sí àwọn tí a fi sílẹ̀ wọ̀nyẹn, ta ni ì bá mọ ohun tí ó gba ìyókù là?

Asibi fúnra rẹ̀ kò kú. Ká ní ó mu àgbo kan l'ọ́jọ́ náà ni, gbogbo Kpeve ni ì bá máa yin àgbo ọ̀hún. N kò sọ pé àgbo kò dára o. Mo ní kí a bi ẹni tí ń tà á pé: àwọn tí kò mu ún ńkọ́? Kí a bi oníkẹ́míìsì náà bẹ́ẹ̀.

Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Noguchi tìkára rẹ̀ wá sí Àkírà láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àrùn kan náà ni ó pa á ní oṣù karùn-ún 1928. Ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó jáde ní 1937, òun náà ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa títí di òní.