Ọkàn Lórí Òṣùwọ̀n

Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìtàn àwọn òrìṣà Íjíbítì àtijọ́, àfàìmọ̀ kó má pa ìwé dé kó ní, “Mo ti gbọ́ eléyìí rí!”

Set pa Osiris ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gé òkú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Plutarch ará Gíríìkì ní ọ̀nà 14 ni. Isis, ìyàwó olóògbé, wá a kiri títí ó fi ṣà á jọ. Àwọn àgbà wa náà ń sọ ti Òrìṣà-ńlá: ẹrú rẹ̀, Àtúndá, yí òkúta lù ú láti orí òkè, ó fọ́ túútúú, Ọ̀rúnmìlà gbé igbá, ó ń ṣà á.

Irú ìjọra báyìí ló gbé Àlùfáà J. Olumide Lucas lọ jìnnà. Nínú The Religion of the Yorubas, tó jáde ní 1948, ó ní Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà. Wọn ò jẹ̀bi: ọ̀rọ̀ méjì lè dún bákan náà kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn Íjíbítì ni ìdájọ́ òkú. Ọkàn òkú á wà lórí òṣùwọ̀n, ìyẹ́ Maat, òrìṣà òtítọ́, á wà ní apá kejì. Bí ọkàn bá wúwo jù, Ammit, ẹranko tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nì, á gbé e mì. Ìyẹ́ ẹyọ kan péré, tí èémí ọmọdé lè gbé lọ!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Àtúndá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ.