Ohun Tí A Bí Mọ́ Wa àti Ohun Tí À Ń Mu
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù mí. N kò ní pẹ́, torí èmi náà ti ń gbóòórùn jọ̀lọ́ọ̀fù láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Lọ́dún 2017, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ti òkèlè. Àmàlà kò lọ mọ́ bí wọn kò bá mu omi tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń wọlé. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti jìnnà nínú wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ó tan sìgá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, kí ni mo fẹ́ torí ẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ fún?" N kò rí èsì fún un. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni láti wádìí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Lóòótọ́, àwọn ìdílé kan wà tí àrùn yìí jẹ́ ogún fún. Lọ́dún 1958, dókítà kan tó ń jẹ́ Howel-Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ìdílé méjì ní Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn nípọn, àwọn yìí náà sì ni jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ń mú. Ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó mọ jíìnì tó ń fà á, RHBDF2. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, torí ọwọ́ bàbá mi nípọn gan-an ni. Mo wá rántí pé ọkọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Irú ogún ti Liverpool yẹn ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni ti Japan, Ṣáínà àti Kòríà. Bí ènìyàn bá mutí, ara á kọ́kọ́ sọ ọtí náà di nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní acetaldehyde. Májèlé ni. Ẹ́ńsáìmù kan, ALDH2, ló máa ń sọ májèlé náà di ohun tí kò léwu. Nínú 100 ènìyàn ní agbègbè yẹn, bí 36 ni ALDH2 tiwọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú jíìnì wọn. Ife bíà kan péré, ojú wọn á ti pupa fòò, àyà á máa lù kìkì, èébì á máa gbé wọn.

Ẹ rántí AA, AS àti SS tí Tíṣà báyọ́lọ́jì kọ́ wa. (Wọ́n jókòó síbí, kí wọ́n dá mi dúró bí mo bá ṣìnà.) Ẹni lè jogún jíìnì aláìṣiṣẹ́ yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tàbí láti ọ̀dọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n níbi tó ti yàtọ̀ nìyí o. Ní ti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó gba méjì ló ń jìyà. Ní ti ọtí, ẹni tó gba méjì kì í sábà lè mu ún rárá; á gbé ife sílẹ̀, á sì bọ́. Ẹni tó gba ẹyọ kan ni ewu wà lórí rẹ̀. Ojú á pọ́n, ṣùgbọ́n á fara dà á. Bó bá ń mu ún lọ, ojú lè má pọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á wá rò pé ara òun ti gbà á. Irọ́ ni, májèlé ṣì ń bá ọ̀nà ọ̀fun jà. Lọ́dún 1996, Akira Yokoyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé àwọn tó ní jíìnì yìí tí wọ́n sì ń mutí ni jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ń mú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń mutí lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo oògùn kí ojú má bàa pọ́n. Ìyẹn ni pé a dí ajá lẹ́nu kó má gbó, olè sì wà nínú ilé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Àwọn dókítà Japan ka iye àwọn tó ní ẹyọ kan yìí láàárín àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Lọ́dún 1979, wọn kò tó 3 nínú 100. Lọ́dún 1986, wọ́n di 8. Nígbà tó fi máa di 1992, 13 ni. Ṣé jíìnì yí padà láàárín ọdún 13 ni? Rárá o. Ìgbé ayé ló yí padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni: bí iṣẹ́ bá parí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bu ọtí fún ọ, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Lọ́dún 2009, Yokoyama àti àwọn mìíràn ní ìbéèrè méjì péré ló tó fún dókítà: ṣé ojú rẹ máa ń pọ́n bí o bá mu ife bíà kan? Ṣé ó máa ń pọ́n nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu? Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí àwọn tó ní ẹyọ kan bá dín ọtí kù gidigidi, ó lé ní ìdajì irú jẹjẹrẹ yìí láàárín àwọn ọkùnrin Japan tí kò ní wáyé.

Tiwa ńkọ́? ALDH2 aláìṣiṣẹ́ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwa adúláwọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ nílé pé òun ló wà nínú ìran wa. Ní Áfíríkà, ìlà-oòrùn àti gúúsù ni jẹjẹrẹ yìí ti pọ̀, láti Kenya dé Malawi títí dé Eastern Cape. Apá ọ̀dọ̀ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sìgá àti ọtí kò mọ ààlà ilẹ̀. Bàbá mi fa sìgá láti èwe, wọ́n sì fẹ́ràn ògógóró. N kò lè búra pé òun ló pa wọ́n. Ohun tó dá mi lójú ni pé omi tí wọ́n fi ń ti òkèlè jẹ wá ní oṣù mélòó kan, oṣù tó yẹ ká fi rí dókítà.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó gbọ́ tán, ó ní kí n bá òun wo àtẹ́lẹwọ́ òun. Ó rọ̀ bí ti akọ̀wé. Sìgá mẹ́wàá ló ń fà lóòjọ́ nígbà náà. Ó ti di méjì báyìí, a ṣì ń jà lórí méjì yẹn.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè tó le, ẹ bi Tíṣà. Èyí tó rọrùn ni kẹ́ ẹ bi mí.