Adé Love: Ọmọṣẹ́ Tí Ó Darí Ọ̀gá Rẹ̀

Ẹ̀yin wẹ́dà, mẹkáníìkì àti télọ̀, ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù yín pa wá síbí. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ta ni a óò ṣàlàyé iṣẹ́ kíkọ́ fún? Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ Adéyẹmí Afọláyan, òṣèré àti olùdarí fíìmù tí a mọ̀ sí Adé Love, láti bá yín sọ.

Agbamu ní Kwara ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1940. Ní 1966 ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré ti Moses Ọláìyá, aláwàdà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ó wà níbẹ̀ títí di 1971 kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí olùdarí fíìmù Ọlá Balógun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976, Adé Love ló ṣe Àjàní, ọ̀dọ́ ọdẹ tó bá olóṣèlú jà nítorí ilẹ̀. Ìràwọ̀ rẹ̀ yọ. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti òkìkí yẹn.

Òun ò jókòó. Ìwé ìtàn Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ni wọ́n fi ṣe fíìmù Ìjà Òmìnira ní 1979. Balógun ló ṣì darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Adé Love ló gbé e jáde. Nígbà tó di 1980, fíìmù Kádàrá dé: ó gbé e jáde, ó darí rẹ̀, ó sì tún ṣeré nínú rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Fíìmù ìgbà náà kì í ṣe ohun tí à ń pa rẹ́ ká tún un yà. Orí ròólù ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwòrán mú. Bó bá dé, àwọn tó ni ín ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, wọn ò sì ní í jẹ́ kó kúrò lójú wọn, nítorí olè. Ẹ wo ti Bàbá Sàlá: wọ́n jí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, dà kọ sórí fídíò, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe fíìmù Moṣebọ́látán, Adé Love ló darí rẹ̀. Ọ̀gá wà níwájú kámẹ́rà, ọmọṣẹ́ àtijọ́ wà lẹ́yìn kámẹ́rà, òun ló ń sọ ibi tí ọ̀gá yóò gbà wọlé. N ò mọ ìwé ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Adé Love kú ní 1996. Kúnlé ọmọ rẹ̀ ṣeré nínú fíìmù Ṣaworoidẹ (1999) kó tó darí Ìràpadà ní 2006. Ní 2019 ó gbé Mokalik jáde, ìtàn ọmọdé kan tó lo ọjọ́ kan láàárín àwọn mẹkáníìkì.

Bí ròólù tàbí pósítà Adé Love bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Yunifásítì wà nínú ìlú yìí. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìkàwé wọn, kí àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ya fíìmù ní Ṣàngó lè rí iṣẹ́ ọ̀gá wò.