Ẹ Wọ Páìpù Láṣọ Kí Ẹ Tó Rẹ́ Ògiri
Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ àtúnṣe bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní London

  Ẹ ní kí àwa tí a ń tún páìpù àti bọ́ìlà ṣe wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa páìpù hítà tí wọ́n ń rì mọ́ inú ògiri, nítorí pé láti ìgbà tí òtútù ti dé, kò sí ìpàdé tí a kì í gbọ́ ẹjọ́ ògiri tí ń ṣomi. A ó sọ èyí tí a mọ̀, a kò sì ní fi èdè ìwé dí yín lójú.

Nílé, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, oòrùn ni hítà wa. Omi tútù ni páìpù tí a mọ̀ níbẹ̀ ń gbé. Ní London níbí, omi gbígbóná ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú páìpù bàbà láti ìdí bọ́ìlà dé ìdí rédíétọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn onílé kò sì fẹ́ fi ojú rí páìpù náà. Wọ́n ní ó ń ba ẹwà yàrá jẹ́. Wọ́n á ní kí a gbẹ́ poro sínú ògiri, kí a tẹ́ páìpù sí i, kí a sì rẹ́ ẹ pa. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò ní rí mọ́, ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í fẹ́ náwó lé e lórí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé sìmẹ́ǹtì ń jẹ bàbà bí ikán ti ń jẹ igi. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Sìmẹ́ǹtì tí ó ti gbẹ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bàbà ní nǹkan. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá, pẹ̀lú ohun tí ọ̀rinrin bá gbé dání: iyọ̀ inú yanrìn tí wọn kò fọ̀, oògùn oníyọ̀ tí àwọn bíríkìlà mìíràn máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì kí ó lè tètè dì nígbà òtútù, àti eérú èédú tí ó wà nínú búlọ́ọ̀kù àwọn ilé àtijọ́ kan. Bí ògiri bá ní ọ̀kan nínú wọ̀nyí, tí ó sì ń rin, bàbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ìpẹtà rẹ̀ a sì máa ní àwọ̀ ewé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọ̀ yẹn. Bí ẹ bá rí i tí ó yọ lára ògiri funfun, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún. Páìpù ni ó ń ké.

Ọ̀tá mìíràn a máa ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà wá. Kí a tó fi iná jó páìpù pọ̀, a máa ń fi ọ̀rá kan pa ojú rẹ̀ kí tánńganran lè ràn mọ́ ọn. Ọ̀rá yìí a máa jẹ irin, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fọ ojú bàbà mọ́. Bí a bá jó páìpù tán tí a kò nù ún kúrò, yóò máa jẹ bàbà lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ògiri. Aṣọ tí a fi omi rẹ ni oògùn rẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Yàtọ̀ sí ìpẹtà, páìpù kì í dúró lójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè mọ̀ pé ojú irin a máa gùn sí i bí oòrùn bá pa á. Bàbà ń gùn ju irin lọ. Páìpù bàbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, bí ó bá kúrò ní dígíríì 10 ti Celsius tí ó sì gòkè dé 70 nígbà tí bọ́ìlà bá ń ṣiṣẹ́, yóò fi bíi mìlímítà 6 gùn sí i. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí sìmẹ́ǹtì bá ti há a mọ́ láti òkè dé ilẹ̀, níbo ni kí ó gbà? Yóò máa ti ìsopọ̀ rẹ̀, yóò máa fi ara ha sìmẹ́ǹtì, lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà òtútù, ọdún dé ọdún. Ariwo kí-kí-kí tí àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ nínú ògiri lóru, kì í ṣe àjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe eku. Páìpù tí kò rí àyè ni. Bí ó bá pẹ́, ògiri yóò là gbọọrọ, ìlà náà yóò sì gba ọ̀nà tí páìpù gbà gan-an.

Nítorí ohun méjèèjì yìí ni a ṣe ń wí pé kí a wọ páìpù láṣọ. Láyé àtijọ́, fẹ́lítì onírun ni wọ́n ń dì mọ́ ọn. Lónìí, páìpù bàbà wà tí ilé-iṣẹ́ ti fi ike bò láti ibẹ̀ wá, fóòmù wà, ọpọ́n ike tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí a lè ki páìpù bọ̀, téèpù ọlọ́ràá sì wà tí a lè wé mọ́ ojú ìsopọ̀. Ní tiwa, fóòmù ni a fẹ́ràn jù níbi tí àyè bá wà, nítorí pé ó ń gba páìpù láàyè láti gùn, kì í sì í jẹ́ kí ooru tí ẹ fi owó rà máa mú inú bíríkì gbóná lásán. Níbi tí àyè kò bá sí, ọpọ́n ike dára. Kí ẹnu ọpọ́n náà yọ síta ògiri díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí omi lè gba ibẹ̀ jáde sí gbangba bí páìpù bá jò. Téèpù nìkan kò tó fún gbogbo gígùn páìpù. Ó lè dí ọ̀rinrin lọ́nà, ṣùgbọ́n kò fún páìpù láàyè.

Nígbà tí a bá sọ báyìí, agbaṣẹ́ṣe á ní, “Ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i nígbà náà.” Rárá o. Òfin wà fún jíjìn poro. Ìwé ìtọ́sọ́nà òfin ilé kíkọ́ ní England sọ pé poro òòró kò gbọdọ̀ jìn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ògiri, poro ìbú kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí ó nípọn ní mìlímítà 100 gba poro òòró tí ó jìn ní 33, ṣùgbọ́n poro ìbú kò gbọdọ̀ ju 16 lọ. Páìpù tí ó wọ́pọ̀ jù nídìí rédíétọ̀ jẹ́ mìlímítà 15. Bí a bá wọ fóòmù oní-mìlímítà 9 fún un yíká, ó di 33 géérégé. Ó bá poro òòró mu, àmọ́ bí a bá fẹ́ gbé páìpù kan náà gba ìbú, ìhòòhò ni yóò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi páìpù oní-mìlímítà 15 gba ìbú nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀, yálà kí ó fi páìpù sí ìhòòhò, tàbí kí ó gé ògiri tí ó gbé ilé ró. Kí páìpù gba abẹ́ pákó ilẹ̀ tàbí òkè àjà, kí ó sì wá sókè tàbí sódò tààrà sí ìdí rédíétọ̀. Èyí tún ṣe é ṣe láti mọ̀ lóde: ẹni tí ó bá fẹ́ kan ìṣó yóò lè fojú díwọ̀n ibi tí páìpù wà. Bí poro kò bá jìn, kí a fi àwo irin bo ojú rẹ̀ kí a tó rẹ́ ẹ, nítorí dríìlì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó kan ẹgbẹ́ wa ní tààrà. Kò yẹ kí a rẹ́ ògiri kí a tó dán páìpù wò. Kí a fi omi tútù kún un, kí a ti agbára omi náà dé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ èyí tí yóò máa fi ṣiṣẹ́, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kí a sì tún mú un gbóná kí ó tutù. Ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ wọ inú ògiri rárá. Èyí tí a fi iná jó nìkan, bí a kò bá lè ṣe é láìsí ìsopọ̀. Gbogbo oníṣẹ́ páìpù ni ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n fóómànù á dé, á ní àwọn tí yóò rẹ́ ògiri ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Wákàtí kan tí wọ́n jí gbé yẹn, ayálégbé ni yóò san án padà.

Ìyá wa kan nínú ẹ̀ka yìí, tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni agogo bọ́ìlà wọn ń wálẹ̀. Onílé ní kí wọ́n máa bu omi sí i. Wọ́n bù ú títí, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé omi tuntun ń gbé afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń mú kí rédíétọ̀ dípẹtà láti inú wá. Nígbà tí a débẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ni ó wà nínú rédíétọ̀. Ògiri tí a là, ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì ni a bá níbẹ̀, ìhòòhò, sìmẹ́ǹtì yí i ká. Onílé sì ti kọ ìwé pé kí ìyá náà sanwó ògiri! A bá wọn dá ìwé náà padà. Apá 11 òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 fi àtúnṣe hítà sí ọrùn onílé fún ẹni tí àkókò ìyálégbé rẹ̀ kò bá tó ọdún 7, ní England. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Àwa tí a ń gé ògiri náà ńkọ́? Eruku bíríkì àti ti búlọ́ọ̀kù ní silica nínú, èyí tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, kì í sì í jáde mọ́. Ìwọ̀n tí òfin gbà ní Britain kò ju mílígíráàmù 0.1 lọ nínú kúbíkì mítà afẹ́fẹ́ kan, fún wákàtí 8. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku ni kí ẹ béèrè, tàbí omi sí ojú ibi tí à ń gé, pẹ̀lú ìbòmú tí ó bá ojú mu. Aṣọ ìnujú tí a so mọ́ imú kì í ṣe ìbòmú. Bí wọ́n bá sì ti kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 2000, kí wọ́n yẹ ògiri wò fún asbestos kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nítorí ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é pátápátá. Láti ọdún 1974 ni òfin ti sọ pé agbanisíṣẹ́ ni ó ni ẹrù ìlera òṣìṣẹ́. Ẹ má dá nìkan bá fóómànù jà. Ẹ pe aṣojú ààbò ẹ̀ka wa.

Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè ohun tí ẹni tí páìpù rẹ̀ ti wà nínú ògiri láìwọṣọ yóò ṣe. Kò pọn dandan kí ẹ wó ògiri lónìí. Ẹ kọ iye tí agogo bọ́ìlà fi hàn nígbà tí ó bá tutù, ní àárọ̀ Sunday, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá yẹ̀, tí ògiri kò sì rin, tí àwọ̀ ewé kò yọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń wálẹ̀, ẹ má bu omi sí i títí. Ẹ pè wá. Bí ẹ bá sì ń tún yàrá kan ṣe, tí ògiri bá ṣí sílẹ̀, ẹ na téèpù ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bọ́ìlà.