Ìwé Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé Ìkàwé Ìlú Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)



Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ tí ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú sọ̀rọ̀ ṣókí lórí àwọn ìwé tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn àti ọkọ̀ akẹ́rù jọ ń tọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà kò ju pé ẹ̀gbọ́n wọn di ìjókòó mú lẹ́yìn títí wọ́n fi lè dá dúró.

Oríṣi méjì ni ìwé kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan kì í tètè gbó. Èkejì a máa gbó, a sì máa di ewu.

Ìwé àtúnṣe ni kì í tètè gbó. Láti ìgbà tí John Kemp Starley ti gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry ní 1885, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn, tí John Boyd Dunlop sì ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ní Belfast ní 1888, ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà kò yí padà púpọ̀. Nítorí náà, ìwé tí a tẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì lè kọ́ ọmọ bí a ti ń wá ojú ihò túùbù nínú omi, àti bí a ti ń fi sáńpépà ha á kí gọ́ọ̀mù lè mú. Yóò sọ fún un pé kí ó tó dá túùbù padà, kí ó rọra fi ọwọ́ wá inú táyà yíká, nítorí ẹ̀gún tí ó lu ú lè ṣì wà níbẹ̀. Yóò sọ pẹ̀lú pé pẹ́dàlì òsì kì í tú bí àwọn nọ́ọ̀tì yòókù: ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ti ń yí, ni a ó yí i sí kí ó tó tú. Mélòó ni a ti rí tí wọ́n gbé òòlù lé e!

Ìwé òfin ojú ọ̀nà ni èkejì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé kẹ̀kẹ́ wa, àwọn olóore ni ó fi í ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ níbẹ̀ títí di òní. Àwa náà tọ òsì rí, bí àwọn àgbà ti mọ̀. Ẹni tí ó bá gba Ìdìrókò wọ Dahomey, tí à ń pè ní Benin láti 1975, a ní láti bọ́ sí ọ̀tún lójú ààlà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọ̀tún. Ìwé kò gbọ́ èyí. Ó jókòó lórí pẹpẹ, àwòrán rẹ̀ dára, ó sì ń sọ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá pé òsì ni kí ó máa tọ̀. Ọmọ tí ó bá gbà á gbọ́, ojú ni yóò fi ko ọkọ̀. Bákan náà, yíyà sí ọ̀tún ni ìwé wọn fi ń kì í nílọ̀ pé kí ó wẹ̀yìn, kí ó na ọwọ́, kí ó tó la títì kọjá. Lọ́dọ̀ wa, yíyà sí òsì ni.

Bíréèkì náà ń kọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọwọ́ ọ̀tún ni ó sábà máa ń di ẹsẹ̀ iwájú mú. Ní Amẹ́ríkà, ti ọwọ́ òsì ni. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, kí ó kọ́kọ́ tì í síwájú ní ìdúró, kí ó fún bíréèkì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wo ẹsẹ̀ tí ó dúró. Ẹni tí ń sáré bọ̀ lórí òkè, tí ó fún ti iwájú nìkan mú lójijì, orí ni yóò fi gúnlẹ̀.

A kò ní kí a da àwọn ìwé náà nù. A ti lẹ ìwé pélébé mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ọ̀tún ni a ń tọ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún ni ẹ̀dà ìwé òfin ìrìnnà ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù kan àti àpótí sípánà tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìwé. Àti owó tí a ó fi tẹ ìlànà àtúnṣe ní èdè Yorùbá, kí a gbé e kọ́ ara ògiri. Àwọn tí ó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe jù ní ìlú yìí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹ́ kí wọ́n máa wá ní ọjọ́ Sátidé láti fi iṣẹ́ han àwọn ọmọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń bẹ̀rù pé òróró yóò ba ìwé jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó bà á jẹ́ díẹ̀. Ìwé àtúnṣe tí kò ní àbàwọ́n òróró, a kò tíì lò ó ni.

Iye owó gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ Akápò. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á sí etígbọ̀ọ́ yín kí ìpàdé tó tú ká.