Ta Ló Sọ Irúnmọlẹ̀ Di Iwin?

  

Ọmọ aládùúgbò mi kan, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, yọjú sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lórí ẹní, ó figbe ta, ó sì sá. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní nínú fíìmù, bí wọ́n bá ti gbé irú nǹkan yẹn jáde, ẹnìkan yóò kú. Ọmọ náà kò purọ́; ohun tí wọ́n fi hàn án ló sọ.

Ẹ̀rù yẹn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa wá. Lóòótọ́, àwọn ajogun wà nínú Ifá, ikú, àrùn àti òfò, ṣùgbọ́n ẹbọ wà fún wọn. Èṣù ni ó sì ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì, Èṣù yìí kan náà ni wọ́n fi pe Sátánì. Ní 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Ìdí Arẹrẹ. Ilé ìwé tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìtàn tẹ̀lé ilé ìwé.

Ẹ wo D. O. Fágúnwà. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́rìí Ifá. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́, òun sì fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Irúnmọlẹ̀ tí Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe wá di orúkọ igbó tí iwin àti abàmì ẹ̀dá ti ń dènà de ọdẹ. N kò bú baba náà o. Èmi fúnra mi kà á títí ẹ̀yìn ìwé náà fi já. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún "demon", ó di "daemon", kí ó lè yà á kúrò lára ẹ̀mí burúkú àwọn oníwàásù.

Ti Amos Tutùọlá, tí ó kú sí Ìbàdàn wa yìí ní 1997, tún yàtọ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn òyìnbó kan yìn ín bí ẹni ń yin ọmọdé tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa kan sì tijú, wọ́n ní yóò sọ aláwọ̀ dúdú di ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìkejì, ti 1954. Kí ni ó lé ọmọ ọdún méje wọ igbó iwin? Ogun akónilẹ́rú ni. Ẹ̀rù ojúlówó ti ṣẹlẹ̀ kí iwin kankan tó yọjú.

Ọmọ aládùúgbò mi padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó dúró lókèèrè, ó ka abala ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó pé mẹ́jọ. Ó wá béèrè orúkọ Odù àkọ́kọ́. Mo ní Èjì Ogbè.